Lékeléke Etí Adágún Jabi

Àlejò tí mo bá ń mú káàkiri Life Camp ní Àbújá kì í pẹ́ béèrè erin àti kìnnìún. Ẹni tí erin bá ń wù ú rí, Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi ni mo máa ń júwe fún un. Ṣùgbọ́n kó tó gbéra, màá ní kó bá mi dé etí adágún Jabi, ibi tí ilé pin sí tí koríko ti gbilẹ̀. Àwòdì ń yí po lókè níbẹ̀, kannakánná sì ń pariwo, ṣùgbọ́n lékeléke ni mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ bà lé.

Funfun báláú ni. Àgógó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, kò sì ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, á ká ọrùn mọ́ èjìká títí èèyàn á fi rò pé kò lọ́rùn rárá. Ẹ jẹ́ kó rí tata kan nínú koríko: ọrùn á yọ gbọọrọ, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún sósì, ara yòókù kò sì ní mira. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, tata ti wọ ọ̀nà ọ̀fun.

Bí àwọn darandaran bá ń kó màlúù kọjá, lékeléke á sún mọ́ ẹsẹ̀ iwájú màlúù débi tí ẹ̀rù á fi máa bà yín pé pátákò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé eégbọn ara màlúù ló ń ṣà jẹ. Ó lè mú ọ̀kan méjì, àmọ́ tata, ìrẹ̀, aláǹtakùn àti àkèré kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Màlúù á gbẹ́sẹ̀, tata á fò sókè, lékeléke á gbé e mì. Níbi tí màlúù kò bá sí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko nínú ọgbà ilé ńláńlá ni yóò tẹ̀ lé. Nígbà ọyẹ́, bí iná bá ń jó pápá, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èéfín, á máa mú ohun tó bá ń sá jáde.

Àwọn àgbà wa mọ ẹyẹ yìí dáadáa. Nínú ìwúre, agbe ló ni aró, àlùkò ló ni osùn, lékeléke ló ni ẹfun. Ọmọdé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò tíì na ọwọ́ sókè rí nígbà tí ọ̀wọ́ wọn bá ń fò kọjá, tó ń gbọn ìka kí wọ́n lè fún un ní èékánná funfun? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa nílé. Bí òjò bá ti ń múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á forí lé ìhà àríwá lọ yé ẹyin. Lásìkò yẹn, àtàrí, àyà àti ẹ̀yìn wọn á yí àwọ̀, bí ẹni pé ẹlẹ́fun lọ yá osùn lọ́wọ́ àlùkò. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀ máa ń bá mi jiyàn pé ẹyẹ mìíràn ni.

Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá a máa sọ pé irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ti lọ bá wọn, inú mi sì máa ń dùn láti ro ìtàn náà fún wọn. Láàárín ọdún 1877 sí 1882 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní agbègbè Suriname, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ló fi la òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Kò sẹ́ni tó fi ọkọ̀ gbé e. Nígbà tó di ọdún 1941, ó ti dé orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì ti ń pamọ ní Florida ní ọdún 1953. Ẹyẹ tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ì bá ti kú sọ́hùn-ún, bí kì í bá ṣe pé àwọn èèyàn ti gé igbó ibẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di pápá, wọ́n sì ti kó màlúù sínú rẹ̀.