Ẹ̀rọ Ńlá Lóko Wa: Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Ọ?

 

Láyé àtijọ́, ọkọ́ àti àdá ni ohun èlò àgbẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé, yóò gbé ọkọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, yóò sì lọ sùn. Lónìí, nǹkan ti yàtọ̀. Ní Bassila, ní Manigri, ní Pénéssoulou àti ní Alédjo, a ń rí katakata nínú oko. A ń rí katapílà àti tíípà níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ọ̀nà. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ṣeé gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìta ni wọ́n ń sùn. Ohun tó bá sì ń sùn níta, olè ń wò ó.

Ẹ wo owó tó wà lára katakata kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ kan kì í sábà lè dá a rà. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1945 ni àwọn àgbẹ̀ ti ń dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ kan lò papọ̀. CUMA ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1990, irú ẹgbẹ́ yìí dé Benin, pàápàá ní ìhà Borgou. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, olúkúlùkù lè rò pé ẹnì kejì ń tọ́jú rẹ̀. Níbẹ̀ ni olè ti ń rí àyè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Èmi kò ní dárúkọ abúlé náà. Agbègbè Manigri ló wà. Mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà níbẹ̀ ní alaalẹ́.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní katakata kan. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti máa ṣọ́ ọ lóru. Àlejò ni. Kì í ṣe ọmọ abúlé náà, kò sì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì ti rọ̀, katakata dúró láàrin oko. Epo gasoil ti tán nínú rẹ̀. Owó ti tán lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Epo tí wọ́n rò pé yóò tó wọn títí iṣẹ́ yóò fi parí, kò tó.

Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní olùṣọ́ ló jí epo. Ta ni ó tún wà pẹ̀lú ẹ̀rọ lóru? Wọ́n mú un, wọ́n sì fi okùn dè é mọ́ ìdí igi máńgòrò. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń pariwo pé kí wọ́n lọ mú táyà àti ìṣáná wá.

Akápò ẹgbẹ́ jẹ́ ìyá kan nínú kíláàsì wa. Kò tíì pé ọdún méjì tó mọ nọ́mbà kọ. Òun ló ń kọ epo sínú kàyé. Ó sáré lọ sílé, ó mú kàyé náà wá, ó sì ní kí wọ́n dákẹ́. A jókòó, a ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè:

Epo tí ẹgbẹ́ rà: lítà 400.
Ilẹ̀ tí katakata ti ro: hẹ́kítà 14.
Epo tí hẹ́kítà kan ń gbà ní oko wọn: lítà 20. Bí a bá ro ó fún hẹ́kítà 14, ó jẹ́ lítà 280.
Epo tó yẹ kó ṣẹ́ kù: lítà 120. Kò sí ohunkóhun nínú táǹkì, lítà 40 péré ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kan án nítorí pé oko ẹlòmíràn ni wọ́n san owó rẹ̀ fún.

Nítorí náà, lítà 80 ló sọnù. Olè wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni?

Ìyá náà ṣí ojú ìwé mìíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń ti igi kan bọ inú táǹkì láti wọn epo. Ní òwúrọ̀, kí awakọ̀ tó dé, ó tún máa ń wọ̀n ọ́n. Nọ́mbà ìrọ̀lẹ́ àti nọ́mbà òwúrọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́. Kò sí òru kan tí epo dín kù. Ọ̀sán ni epo ń sọnù, ní àwọn ọjọ́ tí katakata bá lọ sí oko tó jìnnà.

Ariwo rọlẹ̀. Wọ́n tú okùn. Wọ́n bi awakọ̀ ní ìbéèrè níwájú olórí abúlé àti àwọn àgbà. Ó jẹ́wọ́. Bídọ́ọ̀nù lítà 20 mẹ́rin ló ti tà fún ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ abúlé ni awakọ̀ náà.

Wọ́n bẹ olùṣọ́ náà. Wọ́n fún un ní owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì fi adìẹ kan kún un. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dúró. Ní ọjọ́ kejì ó padà sí ìlú rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tó rí owó epo mìíràn, ìyá mẹ́ta ti pàdánù ìgbà àgbàdo ọdún náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a ronú. Bí kò bá sí kàyé yẹn ńkọ́? Ní ọdún 1999, ní ìhà Mono àti Couffo, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n pè ní olè, láìsí ìdájọ́. Ta ló wádìí bóyá gbogbo wọn ni olè? Òkú kì í jí wá gba ẹjọ́ rò. Ní agbègbè wa níbí, àwa kan ń sọ Anii, àwa kan ń sọ Nàgó, àwa kan ń sọ Kotokoli. Olè kò ní èdè kan tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ohun kan bá sọnù, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wo ojú àlejò. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé yín.

Kí ni olè ń wá lára ẹ̀rọ?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni olè ń gbé odindi katakata lọ. Ohun tó rọrùn láti tà ló máa ń wá: epo, bátìrì, táyà, àti àwọn irin ìtúnṣe.

Epo ni àkọ́kọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ owó ìrànlọ́wọ́ orí epo dúró. Owó epo kpayo fò sókè ní Benin. Bí epo bá sì ti wọ́n, ojú olè a máa là sí i. Àwọn kan ń fi ẹnu fa epo jáde láti inú táǹkì. Èyí léwu gan-an. Bí gasoil bá ṣèèṣì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì í. Bó bá ń bì, epo náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo tí a bá kó pamọ́ sínú ilé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo sí jóná ní Sèmè-Kraké. Ó ju ènìyàn 30 lọ tó kú.

Bátìrì ni èkejì. Olè ń tà á fún àwọn tó ń fọ́ ọ láti yọ òjé inú rẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Senegal, àwọn ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ yìí láàrin ilé. Eruku òjé dà sínú iyanrìn tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ kéékèèké 18 kú níbẹ̀. Òjé ń ba ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé bátìrì olówó pọ́ọ́kú wá, ẹ má ṣe rà á. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí olùrà, olè yóò wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Bí a ṣe lè dáàbò bo ẹ̀rọ

1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ gbé e wá sí àgbàlá tí ènìyàn ń gbé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí oko bá jìnnà jù, kí ènìyàn méjì sùn tì í.

2. Bí ẹ̀rọ bá pọ̀, ẹ tò wọ́n yí ká. Kí àwọn ńlá wà lóde, kí àwọn kékeré wà láàrin. Ẹ sọ ohun ìtúlẹ̀ àti abẹ katapílà kalẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀. Yóò ṣòro fún olè láti wọ́ ọ.

3. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé kọ́kọ́rọ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí wọn. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi ohun tó ń gé iná bátìrì síbi tó fara sin. Bí ìgbà tí ẹ kò lo ẹ̀rọ bá gùn, ẹ yọ bátìrì wá sílé, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

4. Ẹ fi àgádágodo sí ẹnu táǹkì. Ẹ fi ṣéènì tó nípọn so táyà pọ̀ mọ́ ohun ìtúlẹ̀.

5. Ẹ kọ nọ́mbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára irin ẹ̀rọ sínú ìwé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sára ohun ìtúlẹ̀ àti sára rímù táyà. Bí ẹ̀rọ bá sọnù, ohun tí ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

6. Ẹ tọ́jú olùṣọ́. Ẹ san owó rẹ̀ lásìkò. Ẹ fún un ní ahéré, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, àti fóònù tí owó wà nínú rẹ̀. Kí ó má ṣe bá olè tó ní ìbọn jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fọn fèrè, kí ó sì pe ènìyàn. A lè ra ẹ̀rọ mìíràn, a kò lè ra ẹ̀mí.

7. Ẹ wọn epo nírọ̀lẹ́ àti lówùúrọ̀. Ẹ kọ wákàtí iṣẹ́, ilẹ̀ tí ẹ ro, àti lítà epo. Kí ènìyàn méjì fọwọ́ sí i.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ní ẹ̀rọ GPS tó ń sọ ibi tí katakata wà. Ní ọdún 2022, nígbà ogun Ukraine, àwọn sójà Rọ́ṣíà kó katakata àti ẹ̀rọ ìkórè John Deere ní ìlú Melitopol. Wọ́n gbé àwọn kan lọ sí Chechnya, ó ju 1 000 kìlómítà lọ. Àwọn tó ni wọ́n jókòó ní Ukraine, wọ́n ń rí ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì tì wọ́n pa láti òkèèrè. Àwọn tó kó wọn kò lè fi wọ́n kórè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí o: wọn kò rí ẹ̀rọ wọn gbà padà lọ́jọ́ náà. GPS kò rọ́pò ojú ènìyàn.

Bí ìbínú bá ba ẹ̀rọ jẹ́

Ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe olè. Ẹnì kan á da iyanrìn sínú táǹkì, á fọ́ gíláàsì, á gé okùn iná. Kò jí nǹkankan. Kí ló dé? Bóyá katapílà gba orí oko kaṣú rẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì bá a sọ̀rọ̀. Bóyá wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ pupa nínú oko rẹ̀, wọ́n fi kòtò sílẹ̀ níbẹ̀, omi dá sínú rẹ̀, ẹ̀fọn sì ń pọ̀.

Bíba ẹ̀rọ jẹ́ kò dára. Ọ̀nà tí ì bá gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn ni yóò pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn ará abúlé kí ẹ̀rọ tó wọ ilẹ̀. Kí wọ́n ka igi tí yóò ṣubú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n san owó rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹjọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé, lẹ́yìn náà sí ilé mẹ́ẹ̀rì ní Bassila. Ìwé ń rìn ju òkúta lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ ti olóhun kì í ṣàdédé dé o. Ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ló máa ń mọ ọjọ́ náà.

Ẹ jíròrò èyí nínú kíláàsì yín

1. Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ ẹgbẹ́ yín lóru? Èló ni ẹ ń san fún un?
2. Ẹgbẹ́ kan ra lítà 300. Wọ́n ro hẹ́kítà 11, lítà 20 fún hẹ́kítà kan. Lítà 50 ló kù. Lítà mélòó ló sọnù?
3. Bí wọ́n bá mú ẹnì kan ní abúlé yín pé olè ni, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe?