Lẹ́tà kan lẹ́yìn orúkọ CPU

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ to kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ yín fúnra yín, ẹ ka orúkọ CPU dópin kẹ́ ẹ tó sanwó. Lẹ́tà kan péré ló ya Ryzen 5 7600 àti 7600X sọ́tọ̀, bí àmì ohùn ṣe ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Motherboard kan náà ni wọ́n ń lò, èyí tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì AM5 àti ràámù DDR5. AM4 ò lè gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n 7600, oníwáàtì 65, máa ń bá fáànù wá nínú páálí (tí wọ́n bá tà á láìsí páálí, ẹ béèrè o). 7600X, oníwáàtì 105, kì í ní fáànù rárá. Ẹ ó ra tiyín, ẹ ó sì wo gíga rẹ̀ mọ́ èyí tí àpótí kọ̀ǹpútà yín lè gbà.