Ìtọ́jú Ṣéènì Alùpùpù ní Agbègbè Àlímọ̀ṣọ́

Láti Ìkòtún dé Ìgándò, títí kan Ẹ̀gbẹ́dá, alùpùpù tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ olùgbé ń gùn wọ àdúgbò tí dánfó kì í dé. Ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní àwọn òpópónà ńlá. Nígbà tí ìjọba sì fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Àlímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn. Inú iyanrìn àti ẹrẹ̀ àdúgbò ni ọlọ́kadà ibẹ̀ ti ń jẹun, ṣéènì sì ni iyanrìn yìí ń bá jà jù.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an yẹ ní àfiyèsí. Ẹ̀wọ̀n ni ìwé atúmọ̀ èdè yóò kọ́kọ́ mú wá, ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún mẹkáníìkì pé ẹ̀wọ̀n òun já, ẹ̀rín ni yóò fi dá a lóhùn. Ṣéènì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Òun náà ni àlàyé yìí yóò máa lò.

Ṣéènì ló ń gba agbára lára sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin eléyín, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó sì ń gbé e fún èyí tó wà lára táyà ẹ̀yìn. Hans Renold, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1880. Àwọn ènìyàn a máa ní ṣéènì fà. Irin rẹ̀ kò fà rárá. Píìnì inú oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ, tí ihò rẹ̀ sì ń fẹ̀. Bí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún oríkèé bá jẹ díẹ̀díẹ̀ báyìí, ṣéènì yóò gùn. Lára ṣéènì onínọ́ńbà 428, 20 oríkèé yẹ kó jẹ́ mílímítà 254. Bó bá ti ń lọ sí 259, títún un ṣe kò wúlò mọ́, àfi kí wọ́n ra òmíràn.

Ṣéènì tó yọ lórí eré lè há mọ́ táyà ẹ̀yìn, kí táyà dúró gbagidi, kí awakọ̀ àti èrò sì ṣubú síwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń san owó alùpùpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ọjọ́ tí alùpùpù bá dúró, owó ọ̀sẹ̀ kì í dúró.

Kí ẹ́ńjìnnì kú pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣéènì, nítorí ìka lè bá a wọ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì lójijì. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù tí iná ń fẹ́. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, kí wọ́n kán ọ́ìlì gíà sí ìhà inú rẹ̀, kí wọ́n máa fọwọ́ yí táyà, kí wọ́n sì nu èyí tó bá pọ̀ jù kúrò. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ń dà sí i torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ tó ń gbówó lórí ni: èérún irin wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì pọ̀ lára ṣéènì, iyanrìn yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí a da yangan sínú oyin.

Ṣéènì kò gbọdọ̀ le gan-an bí okùn gìtá. Ní àárín, ó yẹ kó lè lọ sókè sódò ní nǹkan bíi mílímítà 20 sí 30. Bó bá le jù, yóò máa jẹ bẹ́árì inú gíà. Kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n yí ìdè ọ̀tún àti ti òsì ní iye kan náà, kí táyà má baà wọ́.

Bí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti tẹ̀ bí èékánná àwòdì, kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì pẹ̀lú ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí eyín tó ti jẹ yóò tètè ba ṣéènì tuntun jẹ́. Ní ti kílíìpù tó so ṣéènì pọ̀, orí rẹ̀ tó padé ni kó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń yí lọ, kí ẹnu tó là wà lẹ́yìn.