Ẹja Afẹ̀gbẹ́lélẹ̀: Orúkọ Tí Ó Bá Ìwà Mu

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí ní Ìwó mọ àrọ̀, ó sì mọ ẹpìyà. Ṣùgbọ́n òkun jìnnà sí i. Bí a bá wí fún un pé ẹja kan wà tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, yóò rò pé àlọ́ ni. Orúkọ tí olùkọ́ bá pe ẹja náà ni àwòrán tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ẹja pẹlẹbẹ ni ó yá olùtumọ̀ lẹ́nu, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é. Orúkọ yìí lè ṣini lọ́nà. Ẹja pẹlẹbẹ mìíràn wà nínú òkun, tí ó ní ìrù gígùn ẹlẹ́gùn-ún, ṣùgbọ́n ikùn ni ìyẹn fi ń lélẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni tiwa yìí fi ń lélẹ̀.

Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ojú kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ó ti ń dàgbà, ojú kan yóò máa ṣí lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá èkejì. Ìhà tí kò lójú mọ́ ni yóò fi sùn sílẹ̀, yóò sì funfun. Ìhà kejì yóò máa pa àwọ̀ dà bí iyanrìn. Yóò bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò yọ ojú síta, yóò máa ṣọ́ edé, akàn wẹ́wẹ́, aràn àti ẹja kéékèèké. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ń sá fún àkurákudà, ẹja ńlá àti ẹyẹ apẹja.

Ẹ̀yà rẹ̀ lé ní 700. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà ní etí òkun wa, Cynoglossus senegalensis, ìhà òsì ni ojú rẹ̀ wà. Ní ọjà Èkó, orúkọ tí wọ́n ń kọ láìfi àmì ohùn sí, abo, ni wọ́n fi ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan nìyẹn, kì í ṣe gbogbo ìdílé. Ìtumọ̀ Cynoglossus ní èdè Gíríìkì ni ahọ́n ajá. Pleuronectiformes, orúkọ gbogbo ìdílé, sì ń tọ́ka sí afẹ̀gbẹ́lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni àwọn náà wò.

Nítorí náà, mo dábàá afẹ̀gbẹ́lélẹ̀ fún gbogbo ìdílé náà: a + fi + ẹ̀gbẹ́ + lé + ilẹ̀. Kí ahọ́n-ajá jẹ́ ti Cynoglossus. Ọmọ tí kò rí òkun rí yóò ti mọ bí ẹja náà ṣe ń sùn kí olùkọ́ tó ya àwòrán rẹ̀.