BÍRÉÈKÌ ŃLÁ TÀBÍ LÁÀKÀYÈ? Ẹ̀YIN AWAKỌ̀ ÒKÈ Ẹ̀FỌ̀N, Ọ̀RỌ̀ YÍN RÈÉ!

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọkọ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó bá ti gba Adó kọjá Ìgèdè, tó dé Aràmọkọ, tó kọjá Ìtawúrẹ́, tó gun òkè dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kó tó wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ẹ̀rìnmọ̀ àti Ìwàràjà, onítọ̀hún á mọ̀ pé ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà àwàdà. Gígun rẹ̀ kọ́ ni wàhálà o, sísọ̀ kalẹ̀ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án báyìí, ó ti fò. Ìbéèrè tó wá ń bẹ lọ́kàn wọn ni pé: ṣé kí n yọ bíréèkì tó bá ọkọ̀ wá, kí n fi èyí tó tóbi sí i? Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ná lé e lórí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí owó tó jáde lápò.

OORU NI Ọ̀TÁ

Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì inú páìpù ni yóò ti páàdì kó gbá díìsì mú. Eré tí ọkọ̀ ń sá kò sọnù lásán, ooru ló dà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn, ẹ ó rí i. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, tí wọ́n bá dá a dúró, ooru rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì ti ẹni tó ń sá 40. Ìlọ́po mẹ́rin ni!

Ti òkè wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó ga ní mítà 100, ooru tó kó sínú bíréèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni tó ń sá 160, tó wá dúró lójijì. Bí páàdì bá gbóná jù, á máa yọ̀. Bí ooru bá wọ ọ́ìlì, á hó bí omi orí iná, ìfófòó á kún páìpù, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì wọlẹ̀ láìrí nǹkan kan tì. Ohun tí à ń pè ní bíréèkì fèélì nìyẹn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i!

Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tuntun kì í hó títí ooru yóò fi dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti DOT 4 jẹ́ 230. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ ṣe máa ń fà á lásìkò òjò. Bí ó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀, DOT 3 lè hó ní 140, DOT 4 ní 155. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ẹni tí kò pààrọ̀ ọ́ìlì láti ọdún mẹ́ta, bó ra bíréèkì olówó ńlá, àṣedànù ló ṣe?

TAYA LÓ Ń DÁ ỌKỌ̀ DÚRÓ

Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí taya sì dúró gbagidi, tó ń wọ́ nílẹ̀, agbára bíréèkì yín ti tó. Èyí tó tóbi kò ní mú yín dúró kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ, taya tó ti dán ni kí ẹ pààrọ̀. Ohun tí díìsì ńlá mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó gba ooru púpọ̀, kó sì tètè tutù. Ní 1953, ilé iṣẹ́ Jaguar ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ oníbíréèkì díìsì lọ sí eré-ìje oníwákàtí 24 ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì gbégbá orókè. Bíréèkì wọn kì í tètè rẹ̀ bíi ti àwọn onídírọ́ọ̀mù.

Ẹ tún rántí pé bí ẹ bá fi ńlá síwájú, tí ẹ̀yìn wà bó ṣe wà, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ọkọ̀ lè dàrú. Ríìmù lè má gbà á. Ẹsẹ̀ bíréèkì lè máa jìn.

KÍ NI KÍ A WÁ ṢE?

Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, ní ọdún méjì-méjì. Ẹ ra páàdì gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ òkú. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wo díìsì bóyá ó ti fẹ́lẹ́ jù, kó wo rọ́bà páìpù bóyá ó ti sán. Ẹ dín ẹrù kù. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá ń gun òkè náà lójoojúmọ́, tí ẹ ń fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, tí bíréèkì ṣì ń rẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ lọ ra ńlá, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dè é fún yín.

Jíà kékeré yẹn ṣe kókó. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 gun àwọn òkè wọ̀nyí títí, àwọn àgbà awakọ̀ sì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó máa di ọkọ̀ mú, kí bíréèkì máa ràn án lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ní ‘2’ tàbí ‘L’. Ẹ lò ó. Ẹ má gbé ọkọ̀ sí firí torí pé ẹ fẹ́ ṣọ́ epo lò! Bí ọ́ìlì bá sì jò tán lọ́nà, ẹ má bu omi ọṣẹ sí i, ẹ dúró.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá ń gbóòórùn nǹkan tó ń jóná bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣojú àánú: ẹ ní kí awakọ̀ wá ibi tó tẹ́jú dúró sí, kó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Kó má da omi tútù sí i o, díìsì lè sán. Ọjà tí a kò bá lónìí, a ó bá a lọ́la.

Ẹni tó bá ní èrò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó kọ lẹ́tà sí wa.