Pípèsè Òkúta Etíkun Èkó fún Àpótí Ẹja Omi-Òkun

Iyanrìn ni etíkun Èkó. Kò ní àpáta tirẹ̀. Òkúta akọ láti Abẹ́òkúta ni wọ́n fi mọ ìdènà ẹnu òkun láàárín 1908 sí 1912. Òkúta tí ó wà lára ìdènà náà kì í ṣe ṣíṣà. Èyí tí ó dá wà lórí iyanrìn nìkan ni ó tọ́ sí ẹni tí ń sin ẹja.

Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, máa ń hó bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá kán sí i. Òkúta akọ kì í hó. Òkúta akọ kò ní ihò nínú, nítorí náà ojú rẹ̀ nìkan ni bakitéríà lè gbé.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni fífi búrọ́ọ̀ṣì gbo ohun abẹ̀mí kúrò lára rẹ̀. Kò yẹ ní sísè: oró àwọn ẹ̀dá omi kan tí ó jọ òdòdó lè bá ooru jáde, kí ó sì ṣe ènìyàn léṣe. Ìkejì ni rírẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n ń pààrọ̀ títí òórùn yóò fi tán.

Ìkẹta ni sùúrù. Ìdọ̀tí tí ó kù yóò jẹrà, yóò sì di amóníà. Nínú omi oníyọ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí bakitéríà tó pọ̀ tó láti sọ amóníà di náítíráìtì, kí wọ́n sì sọ ìyẹn di náítíréètì. Méjì àkọ́kọ́ ń pa ẹja. Omi ọ̀sà ẹ̀bá Akọka kò lè dípò omi òkun, nítorí òjò ń dín iyọ̀ rẹ̀ kù.

Ní ìparí, mímọ́ lójú kọ́ ni ẹ̀rí pé òkúta ti yẹ. Ẹ̀rí náà ni pé amóníà àti náítíráìtì ti tán nínú omi.