Òwú tó ń sọ oòrùn di iná: aṣọ lè di ṣájà, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò tíì pọ̀

Ẹni tó bá ń ná ọjà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí tí iná bá tán nínú fóònù kí ọjà tó tú. Oníbàárà ń pè, kò wọlé. Bẹ́ẹ̀, oòrùn ti ń pa wá láti àárọ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kan ń ṣe fi kàn wá: òwú tó ń sọ oòrùn di iná.

Sólà tí a mọ̀ le, ó sì pẹlẹbẹ, a sì gbọ́dọ̀ kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Òwú yìí yàtọ̀. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á fi èròjà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ bo wáyà tín-ín-rín, wọ́n á sì lọ́ wáyà kejì mọ́ ọn kí iná lè rí ọ̀nà kọjá. Nítorí pé ó rí roboto, ibi yòówù kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, yóò bà á. Ó ṣeé tẹ̀, ó sì ṣeé hun. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Georgia Tech ní Amẹ́ríkà hun òwú sólà pọ̀ mọ́ òwú onírun àgùntàn àti òwú mìíràn tó ń mú iná wá bí aṣọ bá ń mì.

Ọ̀nà mìíràn ni Yunifásítì Nottingham Trent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ní 2022, wọ́n to sólà kéékèèké 1,200 sínú òwú, wọ́n sì fi hun aṣọ. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju mílímítà 5 lọ. Wọ́n fi ohun bí ike tí omi kò lè wọ̀ bò wọ́n, kí aṣọ náà lè ṣeé fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Nínú oòrùn gangan, gbogbo 1,200 náà mú iná bíi wáàtì 0.4 wá. Ṣájà fóònù kékeré ń mú wáàtì 5 wá. Iṣẹ́ tí ṣájà ṣe ní wákàtí kan, aṣọ náà yóò lo ju wákàtí 12 lọ lórí rẹ̀. Ohun tí kò jẹ iná púpọ̀, bí aago ọwọ́, ni agbára rẹ̀ ká jù.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ wá tó ní ó ń ṣáájì fóònù kíákíá, ẹ ní kó kọ́kọ́ sá a sóòrùn lójú yín, kó so fóònù mọ́ ọn. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tú owó sílẹ̀. Ní báyìí ná, sólà orí òrùlé ṣì ni ká gbára lé.